Ta Ni Ká Di Ẹ̀bi Rù? Ọlọ́run, Ejò àti Ènìyàn Nínú Ìtàn Ìṣẹ̀dá Inú Bíbélì Yorùbá

Ìfáárà

Ní orí kẹta ìwé Jẹ́nẹ́sísì, ìgbẹ́jọ́ kan wà tí kò gùn ju ẹsẹ márùn-ún lọ, láti ẹsẹ 9 dé 13. Ọlọ́run bi Ádámù léèrè ohun tí ó ṣe. Ádámù ní obìnrin ni, ó sì fi kún un pé Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ni ó fi obìnrin náà fún òun. Obìnrin ní ejò ni. Ejò nìkan ni a kò bi ní ìbéèrè kankan. Ìdájọ́ ni ó kàn án. Bí a bá fara balẹ̀ wo àwíjàre Ádámù, a ó rí i pé kì í ṣe obìnrin nìkan ni ó fi sùn. Ó fi ẹni tí ó fún un ní obìnrin sùn pẹ̀lú. Àwíjàre àkọ́kọ́ tí ẹ̀dá ènìyàn ṣe nínú Bíbélì, Ẹlẹ́dàá ni ó nawọ́ ẹ̀bi sí.

Kò yẹ kó yà wá lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́ni ní CRS tàbí ní lítíréṣọ̀ Yorùbá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tí a ti ń kọ́ olùkọ́ ti gbọ́ ọ rí. Bí Ọlọ́run bá mọ ohun gbogbo kí ó tó ṣẹlẹ̀, kí ló dé tí Ó fi gbin igi náà sí àárín ọgbà? Bí Òun ni ó dá ohun gbogbo, ta ni ó dá ìwà ìkà? Àwọn tí ń bèèrè kì í sì í ṣe aláfojúdi. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ ojú irin tí ó ń lọ láti Àbújá sí Kàdúná. Wọ́n pa ènìyàn, wọ́n sì jí ọ̀pọ̀ gbé lọ sínú igbó. Ọmọ tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀ nítòsí ilé rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ibi tí ìwà ibi ti wá.

Ìdáhùn méjì ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa. Èkíní ni pé a kì í bi Ọlọ́run léèrè. Èkejì ni pé iṣẹ́ Èṣù ni. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé èkíní pa akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu mọ́, èkejì sì fi ohun tí kò sí nínú ìtàn náà dá a lóhùn. Kò sí èyí tí ó yẹ ẹni tí a ń kọ́ kí òun náà lè lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. A kò jókòó láti dá Ọlọ́run lẹ́jọ́ níbí, bẹ́ẹ̀ ni a kò gba iṣẹ́ agbẹjọ́rò Rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe ni kí a ka ìtàn náà bí ó ṣe wà, kí a wo ohun tí ìtumọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá fi kún un, kí a gbọ́ ohun tí Ifá àti Àlùkùránì ní í sọ lórí ọ̀rọ̀ tí ó jọ ọ́, kí a sì tọ́ka sí ìyàtọ̀ kan tí ó wà nínú èdè wa tí ó lè ran olùkọ́ lọ́wọ́.

Ohun tí ó wà nínú ìtàn náà

Sàtánì kò sí nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kẹta. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu. Ẹ ní kí wọ́n ṣí Bíbélì wọn kí wọ́n wá a. Ejò ni ó wà níbẹ̀, ẹsẹ kìíní sì sọ ẹni tí ó dá ejò: ó wà lára àwọn ẹranko ìgbẹ́ tí OLÚWA Ọlọ́run dá. Bẹ́ẹ̀, orí kìíní ẹsẹ 31 ti kọ́kọ́ fi hàn pé Ọlọ́run wo gbogbo ohun tí Ó dá, ó sì tẹ́ Ẹ lọ́rùn. A jẹ́ pé alárékérekè náà wà lára ohun tí a kà sí rere. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Kò ti ẹ̀yìn odi wọ ọgbà náà, kò sì sí ogun kankan láàárín Ọlọ́run àti ọ̀tá kan nínú ìtàn náà.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni a wá so ejò yìí mọ́ ẹni ibi. Ìwé Ọgbọ́n Sólómọ́nì, tí ó wà nínú Bíbélì àwọn Kátólíìkì ṣùgbọ́n tí kò sí nínú èyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ń lò, sọ ní orí kejì ẹsẹ 24 pé ìlara ẹni ibi náà ni ó mú ikú wọ ayé. Ìwé Ìfihàn, ní orí 12 ẹsẹ 9 àti orí 20 ẹsẹ 2, fi ejò àtijọ́ náà pe Sàtánì. Onígbàgbọ́ lè fi ìwé ìkẹyìn túmọ̀ ti ìṣáájú, ìyẹn kò burú. Ohun tí kò dára ni kí olùkọ́ máa kọ́ni bí ẹni pé Jẹ́nẹ́sísì ni ó sọ ọ́.

Àṣẹ pé kí wọ́n má jẹ nínú igi ìmọ̀ rere àti búburú náà wà ní orí 2 ẹsẹ 17. Obìnrin kò tíì dé ayé nígbà náà. Ẹsẹ 22 ni a tó dá a. Ìtàn náà kò sọ ẹni tí ó fi òfin náà yé e, tàbí bí ó ṣe yé e tó. Síbẹ̀, orí rẹ̀ ni ìwàásù wa máa ń di ẹrù náà lé. Àwa Yorùbá mọ irú ìpín bẹ́ẹ̀ dáadáa, àwa tí a máa ń sọ pé ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá. Ẹsẹ 6 orí kẹta sọ pé ọkọ wà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì gbà á, ó jẹ. Ẹni tó gbépo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù kò tilẹ̀ sí nínú Jẹ́nẹ́sísì. JAMB, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bwari níhìn-ín, fi apá kan Àìsáyà orí 45 kún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kà pẹ̀lú Jẹ́nẹ́sísì 1 àti 2, lábẹ́ kókó pé Ọlọ́run ni Ẹlẹ́dàá àti olùdarí ohun gbogbo. Ní ẹsẹ 7, wòlíì náà ka òkùnkùn àti ibi mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Ọlọ́run, gẹ́gẹ́ bí ó ti ka ìmọ́lẹ̀ àti àlàáfíà mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ Hébérù tí a túmọ̀ sí ibi níbẹ̀ gbòòrò. Ó lè jẹ́ àjálù, ó sì lè jẹ́ ìwà búburú. Ibi tiwa náà gbòòrò bẹ́ẹ̀. Ìjàǹbá ọkọ̀ jẹ́ ibi; ẹni tí ó pa ọmọnìkejì rẹ̀ náà ṣe ibi. Nígbà tí Yorùbá bá ní tibi-tire la dálé ayé, wọn kò sọ pé ẹnì kan jókòó sí ọ̀run ó ń ṣe ìkà. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìgbádùn àti ìpọ́njú jọ ń rìn. Nítorí pé àlàáfíà ni Àìsáyà fi ṣe ìdàkejì ibi, tí kì í ṣe òdodo, a gbà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n ní ogun àti ìkólọ́gbèkùn ni ó ń sọ, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ní láti ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tí ó bá fò ó, akẹ́kọ̀ọ́ á dá kà á nílé.

Bí Èṣù ṣe wọ inú ọ̀rọ̀

Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tí wọ́n bá a ṣiṣẹ́ ni wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, odidi rẹ̀ sì jáde ní 1884. Iṣẹ́ ńlá ni, kò sí ẹni tí ó ń kọ Yorùbá lónìí tí kò jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùtumọ̀ tí ó bá dé ibi tí Gíríìkì ti kọ diabolos, èyí tí ó túmọ̀ sí abanijẹ́, ní láti mú ọ̀rọ̀ kan. Nínú ìwé Jóòbù, orúkọ Sàtánì ni wọ́n fi sílẹ̀. Nínú Májẹ̀mú Tuntun, bíi Mátíù orí kẹrin, Èṣù ni wọ́n mú.

Èṣù tí àwọn baba wa mọ̀ kì í ṣe ọ̀tá Olódùmarè. Òjíṣẹ́ ni. Òun ni ó ń gbé ẹbọ dé ibi tí ó yẹ, ó ń ṣọ́ oríta, ó ń dán ènìyàn wò, ó sì ń fìyà jẹ ẹni tí ó kọ̀ láti ṣe ohun tí a ní kó ṣe. E. Bọ́lájí Ìdòwú, àlùfáà tí ó di olórí Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì Nàìjíríà lẹ́yìn náà, ti ṣàlàyé nínú ìwé tí ó kọ lórí Olódùmarè ní 1962 pé Èṣù Yorùbá kì í ṣe ẹni tí Májẹ̀mú Tuntun ń fi orúkọ yẹn pè. Bí ó bá jẹ́ oníṣẹ̀ṣe nìkan ni ó sọ ọ́, àwọn kan ìbá ní ó ń gbèjà òrìṣà rẹ̀ ni. Ó sì yẹ kí a fi kún un pé Sàtánì inú Jóòbù, tí ó ń gba àyè lọ́dọ̀ Ọlọ́run kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ni ó jọ Èṣù wa jù lọ nínú gbogbo Bíbélì. Ibẹ̀ gan-an ni wọn kò ti lo orúkọ Èṣù.

Ẹ rántí ìtàn fìlà aláwọ̀ méjì. Ọ̀rẹ́ méjì ń ro oko wọn tí ààlà kan pín, Èṣù gba àárín wọn kọjá, ọ̀kan rí fìlà dúdú, èkejì rí pupa, wọ́n sì fi àáké kọ́rí títí ó fi di ìjà. Èṣù ni ó dé fìlà náà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ni wọ́n jà. Kò sí èyí tí ó bi ìkejì rẹ̀ léèrè apá ibi tí ó dúró sí. Ẹni tí ó pa ìtàn náà kò jẹ́ kí a gbàgbé àwọn ọ̀rẹ́ náà.

Nígbà tí a wá fi Èṣù sí ipò ẹni ibi, tí a sì ti í pa dà sínú ọgbà Édẹ́nì níbi tí kò sí, a bọ́ ẹrù lọ́rùn Ọlọ́run, a sì bọ́ ọ lọ́rùn ènìyàn. Ẹ wo àwọn afurasí tí ọlọ́pàá ń kó síwájú àwọn oníròyìn: iṣẹ́ Èṣù ni. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ NCE tí a ká ìwé mọ́ lọ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, tí yóò di ẹni tí ń ṣamójútó ìdánwò ọmọ ọlọ́mọ lọ́dún tí ń bọ̀: iṣẹ́ Èṣù ni. Kì í ṣe Yorùbá nìkan. Bíbélì Ígbò lo Ekwensu bí tiwa ti lo Èṣù, àwọn Haúsá sì ní Shaiɗan láti inú èdè Lárúbáwá. Ní Àbújá tí gbogbo wa ti jọ ń gbé, ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni ó ní orúkọ tí ó ń di ẹ̀bi rù.

Amọ̀kòkò tí amọ̀ rẹ̀ kò jiná

Àwọn kan rò pé bíbi Ẹlẹ́dàá léèrè jẹ́ ìwà tí àwọn òyìnbó kó dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ifá ti ń ṣe é tipẹ́. Nínú ẹsẹ Ifá tí Wándé Abímbọ́lá kọ sílẹ̀, tí ó sì tan ìmọ̀ rẹ̀ káàkiri, ọ̀rẹ́ mẹ́ta, Oríṣẹ̀ẹ́kú, Orílèémèrè àti Afùwàpẹ́, fẹ́ ti ọ̀run wá sáyé, wọ́n sì lọ yan orí nílé Àjàlá Alámọ̀. Àjàlá mọ orí mọ, ṣùgbọ́n onígbèsè paraku ni. Nígbà tí Afùwàpẹ́ dé ibẹ̀, inú àjà ni ó sá pamọ́ sí fún ẹni tí ó wá sin owó. Púpọ̀ nínú orí tí ó mọ kò jiná. Àwọn méjì àkọ́kọ́ mú èyí tí ó wù wọ́n lójú, òjò pa wọ́n lọ́nà, orí wọn ṣí, wọ́n dé ayé wọ́n sì ń ṣe làálàá. Afùwàpẹ́ ti kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ Ọ̀rúnmìlà bàbá rẹ̀, ó rúbọ, ó bá Àjàlá san gbèsè rẹ̀, Àjàlá sì bá a yan orí tí ó dára.

Ìtàn yìí kò bo àṣìṣe amọ̀kòkò mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn Ọbàtálá tí ó mu ẹmu yó nígbà tí ó ń mọ ènìyàn, tí a fi ń pe abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà. Ẹni tí ó dá wọn ni ó ni wọ́n, òun ni ó sì gbọ́dọ̀ tọ́jú wọn. Àfikún tí a rí nínú ti Àjàlá ni pé ibi tí amọ̀kòkò ti kùnà, ẹsẹ̀, ẹbọ àti ìwà ẹni ṣì ní iṣẹ́ láti ṣe. Olùkọ́ CRS lè fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ amọ̀kòkò inú Jeremáyà orí 18, ẹni tí ìkòkò bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ tí ó sì fi amọ̀ kan náà mọ òmíràn. Ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú ìfiwéra náà, nítorí Jeremáyà lo àwòrán yìí láti sọ pé bí orílẹ̀-èdè bá yí ìwà rẹ̀ padà, Ọlọ́run náà yóò yí ìpinnu Rẹ̀ padà. Amọ̀ tí ó lè yí ìwà padà kì í ṣe amọ̀ lásán.

Àwọn baba ìjọ náà gbìyànjú. Augustine, ọmọ Àríwá Áfíríkà tí a bí ní 354, ní ibi kì í ṣe ohun kan tí Ọlọ́run dá, pé àìsí rere ni, bí òkùnkùn ti jẹ́ àìsí ìmọ́lẹ̀. Àlàyé náà dùn, àfi pé Àìsáyà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ka sí ka òkùnkùn mọ́ ohun tí Ọlọ́run dá. Irenaeus, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Lyon ní ọ̀rúndún kejì, ti sọ ṣáájú rẹ̀ pé bí ọmọdé ni Ádámù àti Éfà ṣe wà, pé wọn kò tíì dàgbà tó ohun tí wọ́n nawọ́ sí. Èyí ni ó sún mọ́ èrò Yorùbá jù lójú tiwa: ọmọdé kì í mọ ẹ̀kọ jẹ kó má rá a lọ́wọ́.

Ohùn Àlùkùránì

Nínú kíláàsì Àbújá, kò sí bí a ṣe lè sọ ọ̀rọ̀ Ádámù tí ọmọ Mùsùlùmí kò ní nawọ́ sókè. Ó yẹ kí a jẹ́ kó sọ ọ́. Ní Súrà Al-Baqarah ẹsẹ 30, àwọn máláíkà ni wọ́n kọ́kọ́ bi Ọlọ́run léèrè bóyá ẹni tí yóò ba ilẹ̀ jẹ́, tí yóò sì ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ni Ó fẹ́ fi síbẹ̀. Ọlọ́run kò bínú sí wọn. Ó ní Òun mọ ohun tí wọn kò mọ̀. Ní Súrà Al-A'raf, Iblis ni ó sọ ní ẹsẹ 16 pé Ọlọ́run ni ó mú òun ṣìnà. Ní ẹsẹ 23, Ádámù àti ìyàwó rẹ̀ jọ gbà pé ara àwọn ni àwọn ṣàbòsí sí, wọ́n sì tọrọ àforíjìn. Ẹ fi ojú sí ibi tí ìyàtọ̀ wà. Nínú Jẹ́nẹ́sísì, Ádámù ni ó nawọ́ ẹ̀bi sí Ọlọ́run. Nínú Àlùkùránì, Iblis ni. Bí ọmọ Mùsùlùmí bá wá ní kádàrá ni, a lè bi í léèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìwé tirẹ̀.

Ẹ̀bi àti ojúṣe

Yorùbá ya ẹ̀bi sọ́tọ̀ kúrò lára ojúṣe. Bí ọmọ ilé kan bá fọ́ ìkòkò aládùúgbò, ọmọ ni ó jẹ̀bi. Baálé kò fọ́ ìkòkò, síbẹ̀ òun ni yóò lọ bẹ̀bẹ̀, òun ni yóò sì ra òmíràn. Baálé tí ó bá ní ọ̀rọ̀ náà kò kan òun nítorí pé òun kò jẹ̀bi, kò mọ ohun tí ipò rẹ̀ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí yóò ní nítorí pé baálé ti san án, kí a má bá ọmọ wí.

Bí a bá fi ojú yìí ka Jẹ́nẹ́sísì, ọ̀pọ̀ nǹkan á hàn kedere. Ọlọ́run kò gba ẹ̀bi tí Ádámù fi kàn Án. Ṣùgbọ́n ní orí 3 ẹsẹ 21, Òun ni ó fi awọ ṣe aṣọ fún àwọn tí ó ṣẹ̀ ẹ́. Ní orí 4 ẹsẹ 15, Ó fi àmì sí Kéènì lára kí ẹnikẹ́ni má bàa pa á. Ní orí 6 ẹsẹ 6, ìwà ènìyàn bà Á nínú jẹ́ débi pé Ó kábàámọ̀ pé Ó dá wọn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kò kàn kì í kábàámọ̀. Ní ti Kéènì fúnra rẹ̀, ejò kò sí nínú orí kẹrin rárá. Ẹsẹ 7 fi hàn pé Ọlọ́run kìlọ̀ fún un, ó sì ní agbára láti ṣẹ́gun ohun tí ó ba sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ìpànìyàn àkọ́kọ́ nínú Bíbélì kò ní Èṣù tí a lè di ẹ̀bi rù.

Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbọ́n yóò bèèrè síwájú. Baálé tí ó gbé ọ̀bẹ sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé ti lè tó o ńkọ́? Ìbéèrè náà tọ́, àfiwé wa kò sì gbé e. Jẹ́nẹ́sísì kò dáhùn rẹ̀. Ìwé Jóòbù náà, tí ó fi ọ̀pọ̀ orí jà lórí rẹ̀, ìbéèrè ni Ọlọ́run fi dá Jóòbù lóhùn láti orí 38. Ṣùgbọ́n ní orí 42 ẹsẹ 7, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n gbèjà Ọlọ́run ni Ọlọ́run bínú sí. Ó ní Jóòbù, tí ó bi Òun léèrè, ni ó sọ ohun tí ó tọ́. Ó ṣòro láti rí ibi tí ẹni tí ó ní a kì í bi Ọlọ́run léèrè ti mú un nínú Bíbélì.

Nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́

A dá a lábàá pé kí olùkọ́ kọ́kọ́ ka orí kìíní dé ìkẹrin Jẹ́nẹ́sísì pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Yorùbá láìfi ìwàásù kankan sí i, kí wọ́n sì kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ sílẹ̀. Wọn kò ní rí Èṣù. Kí wọ́n wá kó ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ, ibi, aburú, ìkà, ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀bi, ojúṣe, kí wọ́n sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe gbólóhùn tí a kò lè fi èkejì rọ́pò rẹ̀. Iṣẹ́ yìí le ju bí ó ti rí lójú lọ, àwọn tí èdè Yorùbá jẹ́ èdè abínibí wọn gan-an máa ń pariwo lé e lórí.

Bí ẹ̀ka CRS, ti IRS àti ti Yorùbá bá lè jọ kọ́ kíláàsì kan ṣoṣo papọ̀ ní sáà kọ̀ọ̀kan, a ó rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú ohun tí wọ́n gbọ́ nílé wá. Fún iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ ní kí wọ́n kọ àwíjàre Ádámù padà ní ojú ìwé kan, láìdárúkọ obìnrin, ejò tàbí Ọlọ́run. Kí olùkọ́ náà kọ tirẹ̀ kó tó gba ti wọn.